Oríkì Tó La Òkun Kọjá

Ní ọdún 1967, ọkùnrin kan tó wá láti Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Brazil, dé iwájú ọba Kétu. Deoscóredes Maximiliano dos Santos ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n Mestre Didi ni ayé mọ̀ ọ́n sí: oníṣẹ́ ọnà ni, òǹkọ̀wé ni, àgbà awo eégún sì ni. Ìran mélòó kan ti kọjá lọ ní ìdílé rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá. Potogí ni èdè ìlú tí wọ́n bí i sí. Àmọ́ ó ní ohun kan lẹ́nu tó jẹ́ ti Kétu: oríkì kúkúrú kan, gbólóhùn kan péré, tí orúkọ Aṣípa wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí àwọn ìyá ìyá rẹ̀ ti ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́. Gẹ́gẹ́ bí òun àti Juana Elbein, aya rẹ̀, ṣe ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, bó ti ké gbólóhùn yẹn tán láàfin ni ọba dá a mọ̀, tó sì nawọ́ sí ìhà ibi tí ìdílé Aṣípa ń gbé. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ Didi tó sọ pé Kétu ni wọ́n ti kó àwọn ìyá ńlá rẹ̀. Oríkì nìkan ló mú wá, oríkì náà sì mọ ọ̀nà ilé.

Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá pé kí ló dùn nínú títọpasẹ̀ ìran ẹni, púpọ̀ nínú wọn á ní ó dùn kéèyàn mọ̀ pé ilé ọba lòun ti ṣẹ̀ wá, tàbí kó mọ ibi tí ààlà ilẹ̀ bàbá rẹ̀ dé. N kò bá wọn jiyàn pé ìyẹn lérè. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni èrè, ọ̀tọ̀ ni ayọ̀. Ayọ̀ tó ń mú kí ènìyàn jókòó ti ìwé tí kòkòrò ti jẹ, láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kì í ṣe ti ẹni tó rí adé. Ayọ̀ ẹni tó rí ẹlẹ́rìí méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí, tí ọ̀rọ̀ wọn wá bára mu, ni. Ọ̀kan lè jẹ́ ẹnu ìyá àgbà ní ìsàlẹ̀ ilé, kí èkejì jẹ́ ìwé tí akọ̀wé òyìnbó kan kọ nígbà tí ìyá ìyá rẹ̀ kò tíì dáyé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbà pé irú ayọ̀ yìí kò sí fún Yorùbá, pé ti àwọn tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àpótí ẹ̀rí wa kún. Ohun tí a kò tíì ṣe tó ni pé ká kó ohun inú rẹ̀ síta, ká sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìtàn ìdílé Mestre Didi gan-an ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, nítorí kò parí sí Kétu. Ìyá ńlá tó so ìdílé náà mọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni Marcelina da Silva, tí wọ́n ń fi orúkọ òrìṣà pè ní Obá Tossi. Ó jẹ́ ìyálórìṣà ní ilé òrìṣà tí àwọn ará Salvador ń pè ní Casa Branca, ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù ní ìlú náà. Ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé yìí láti ẹnu dé ẹnu ni pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyá Nasò wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, pé òun àti Marcelina jọ wọkọ̀ padà sí ilẹ̀ Áfíríkà, àti pé Marcelina tún sọdá wá sí Bahia láti máa ṣe olórí ilé. Ẹni tó bá mọ Ọ̀yọ́ á ti fura nígbà tó bá gbọ́ orúkọ yẹn, torí pé Ìyá Nasò kì í ṣe orúkọ àbísọ. Oyè ni; oyè obìnrin tó ń tọ́jú Ṣàngó ọba láàfin Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti ń jẹ́rìí pé kì í ṣe ará oko lásán ló gbé òrìṣà dé Bahia. Síbẹ̀, àwọn kan ń wo ìtàn náà bí àlọ́. Àwọn mìíràn ń jiyàn bóyá ọmọ bíbí inú Ìyá Nasò ni Marcelina tàbí ọmọ awo rẹ̀.

Ní 2007, onímọ̀ méjì, Lisa Earl Castillo àti Luis Nicolau Parés, kọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n tú àwọn ìwé àtijọ́ ìlú náà wò. Wọ́n rí obìnrin kan, Francisca da Silva, tí wọ́n gbà pé òun ni Ìyá Nasò, tó ti jáde kúrò lóko ẹrú, tó sì ti ní agbo ilé tirẹ̀. Ìjọba dá àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì lẹ́bi lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí tó ṣẹlẹ̀ ní Salvador ní oṣù kìn-ín-ní 1835. Francisca palẹ̀ mọ́, ó gba ìwé ìrìnnà, ó sì fi Brazil sílẹ̀ ní 1837 pẹ̀lú àwọn èrò rẹ̀. Marcelina àti ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára àwọn èrò náà. Wọ́n tún rí ìwé òmìnira Marcelina: ẹrú Francisca ni, ọwọ́ Francisca ló sì ti gba òmìnira. Ẹ wò ó bí ẹ̀rí méjèèjì ṣe ń dá ara wọn lóhùn. Ẹnu ní ìrìn àjò kan wà. Ìwé ní bẹ́ẹ̀ ni, ọdún rẹ̀ nìyí, ohun tó sì lé wọn kúrò nílùú nìyí. Ẹnu ní ìyá àti ọmọ ni wọ́n. Ìwé ní olówó àti ẹrú ni wọ́n. Akọ̀wé tó ń kọ ìwé ìrìnnà mọ Francisca, ṣùgbọ́n oyè Ọ̀yọ́ kò jẹ ẹ́ lógún. Ilé òrìṣà ló pa oyè náà mọ́. Bí a bá sun ìwé níná, ìtàn di àlọ́; bí a bá pa ẹnu mọ́, Francisca di obìnrin kan lásán tó wọkọ̀ lọ. Ibi tí méjèèjì ti pàdé nìkan ni ènìyàn gidi ti dìde dúró, abiyamọ tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ lé kúrò nílùú tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dúró. Irú ayọ̀ tí mò ń sọ nìyẹn, kò sì ní adé kankan nínú.

Oríkì tí Didi ké ní Kétu wá láti inú ẹbí ohun tí à ń pè ní oríkì orílẹ̀. Ó yàtọ̀ sí oríkì tí ìyá fi ń pe ọmọ rẹ̀ ní Àjàmú tàbí Àbẹ̀kẹ́, ó sì yàtọ̀ sí èyí tí onílù fi ń yin ìjòyè. Oríkì orílẹ̀ kì í jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo. Ìlú tí ìran kan ti ṣẹ̀ wá ló ń wí, àti ohun tí wọ́n fi mọ ará ìlú náà. Ogun ni wọ́n fi ń ki ọmọ Ìkòyí. Ìjàkadì ni wọ́n fi ń ki ọmọ Ọ̀fà. Ògún àti iṣẹ́ irin ni ti ọmọ Onírè. Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìlú tí oríkì wọ̀nyí ń dárúkọ ni ogun ti fọ́. Ní bíi ogún ọdún tó tẹ̀lé 1820, Òwu tú, Ọ̀yọ́ Ilé tú, àìmọye ìlú kéékèèké tú mọ́ wọn lẹ́yìn, àwọn ènìyàn sì sá wá sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ṣogbo. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi oko sílẹ̀, wọ́n fi ojú oórì bàbá wọn sílẹ̀. Oríkì ni wọ́n lè rù sáré. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè jẹ́ ọmọ Ìbàdàn láti ìran mẹ́fà, kí wọ́n máa kí i láàárọ̀ ní ọmọ ìlú tí igbó ti bò mọ́lẹ̀. Ìwé àtẹ ilẹ̀ wo ló tún tó bẹ́ẹ̀? Adébóyè Babalọlá kó púpọ̀ nínú wọn jọ sínú ìwé rẹ̀, Àwọn Oríkì Orílẹ̀, tó jáde ní 1967, ọdún kan náà tí Didi dé Kétu. Bọ́láńlé Awẹ́ kọ̀wé ní 1974 láti fi hàn bí òpìtàn ṣe lè lo oríkì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Karin Barber sì gbé ní Òkukù, ó kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ibẹ̀, ó sì fi ìwé ńlá kan jáde lórí rẹ̀ ní 1991. Kókó kan tó tẹnu mọ́ ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ wádìí ìran rẹ̀: oríkì kì í to ìtàn ní kìíní-kejì. Ó ń kó ọ̀rọ̀ àná mọ́ ọ̀rọ̀ ìjẹta ni. Ẹni tó bá bi í pé ta ló ṣáájú ta, kò ní rí ìdáhùn. Ẹni tó bá bi í pé níbo lẹ ti wá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀, á rí ju ohun tó béèrè lọ.

Mo mọ àtakò tó máa kọ́kọ́ jáde. Wọ́n á ní ẹni tó ń ki olówó, owó ló ń wò, àti pé ìtàn ilé kò sí láìní àsọdùn. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan. Ó ń pa àbùkù mọ́ pẹ̀lú, ó ń pa ìjà tí wọ́n pàdánù mọ́, ó ń pa ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ́, tí wọ́n sì ń wí i bó ṣe wà nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Apọ́nni kì í tọ́jú irú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa fura sí ọ̀rọ̀ ẹnu ti gbà á wọlé tipẹ́. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè fi jẹ́rìí pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì ni wọ́n fi ṣe ìkíní. Kí wọ́n tó dá ẹjọ́ yẹn ni ìlànà mìíràn ti wà láti inú ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Gánà, tí àwọn adájọ́ ní London parí ní 1957, tí àwọn adájọ́ tiwa náà sì ń tẹ̀ lé. Ohun tó wí ni pé bí ìtàn ìdílé méjì bá takora, kí adájọ́ má wo bí àgbà tó ń sọ ọ́ ṣe dùn lẹ́nu tó. Kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn tó ṣì wà láàyè, kí ó mọ èyí tó bá a mu nínú méjèèjì. Mi ò mọ ìmọ̀ràn tó dára ju èyí lọ fún ẹni tó ń wádìí ìran. Bí wọ́n bá ní bàbá ńlá kan ló tẹ agbo ilé dó, ta ni wọ́n sin síbẹ̀? Ọmọ ìyàwó wo ló ń gba ìpín ṣáájú nígbà tí wọ́n bá pa ẹran? Oko ta ni wọ́n ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé oko rẹ̀? Nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ni òṣùwọ̀n. Àmọ́ kí a ṣọ́ra fún ìtàn tí wọ́n dìídì tò nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí nítorí oyè. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní jù.

Ìwé náà ní àṣìṣe tirẹ̀, ibi tó sì ti ń ṣe àṣìṣe gan-an ni etí Yorùbá ti wúlò jù. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tó wà nínú wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Níbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan ni fún ènìyàn kan: nọ́ńbà, orúkọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí tí wọ́n fojú díwọ̀n, bó ṣe ga tó ní ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì, àti àpá tàbí ilà tó wà lára rẹ̀. Wọ́n ṣe irú ìwé kan náà ní Havana ní erékùṣù Cuba. Iṣẹ́ tí wọ́n pè ní African Origins ti kó àwọn orúkọ wọ̀nyí jọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì jẹ́ 91,491. Ẹ fojú inú wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹni tó ti wà nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ dúró nínú oòrùn. Ògbufọ̀ kan tí òun náà ti gba ọ̀nà yẹn dé béèrè orúkọ rẹ̀. Ó dáhùn. Akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́ gb, tí kò mọ ẹ yàtọ̀ sí e, tí kò sì mọ̀ pé ohùn ń lọ sókè-sódò, kọ ohun tí etí rẹ̀ gbé. Bí a bá fi ojú nìkan ka ohun tó kọ, ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pè é síta, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kejì, ẹ yí ohùn rẹ̀ padà díẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ Òjó, ẹ ó gbọ́ Àìná, ẹ ó gbọ́ Ìgè, ẹ ó gbọ́ Dàda. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà mọ èyí. Wọ́n ní kí àwọn tó gbọ́ èdè Áfíríkà tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ, kí wọ́n sọ èdè tó jẹ́. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò gbọ́ Yorùbá á fi oṣù mẹ́ta wá nínú ìwé, ìyá tó ń ta ẹ̀wà lè mọ̀ ọ́n kó tó bu ṣíbí kan tán.

Àwọn ilà tí akọ̀wé náà kọ sílẹ̀, òun kò mọ ohun tó ń rí. Ó kàn ń kọ ọ́ kí wọ́n lè dá ènìyàn mọ̀ ni, bí ẹni ń kọ àmì sára ẹrù. Àwa ló mọ̀ pé abàjà yàtọ̀ sí gọ̀ǹbọ́, pé pélé kì í ṣe kẹ́kẹ́, pé ojú ènìyàn ni ìwé ìdánimọ̀ ìlú rẹ̀ nígbà náà. Samuel Johnson ṣàlàyé àwọn ilà wọ̀nyí, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ìrìn àjò ìwé yẹn fúnra rẹ̀ tó ìtàn. Sierra Leone ni wọ́n bí Johnson sí ní 1846, láàárín àwọn Yorùbá tí ogun tú ká. Ó parí ìwé náà ní 1897, ìwé tó fi ọwọ́ kọ sọnù sọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, òun náà sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, kó tó jáde ní 1921. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ìlà kan láti ìwé Freetown, tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé Johnson, tó sì tún bi àgbà ìlú kan tó ṣì kọ ilà lójú, ohùn mẹ́ta ló ti pé sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́.

Mi ò sọ pé orúkọ nìkan tó. Àjàyí ni a fi ń pe ọmọ tó dojú bolẹ̀ nígbà ìbí, Àjàyí sì pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyẹn bí ewé. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọdékùnrin tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821, tí wọ́n tà láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1822, ẹni tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Bí a bá ní orúkọ rẹ̀ nìkan, a kò ní yà á sọ́tọ̀ láéláé. A mọ̀ ọ́n nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà gígùn kan ní 1837, níbi tó ti dárúkọ ìlú rẹ̀, tó sì sọ bí wọ́n ṣe mú un. Ohun tó dá a padà fún ìyá rẹ̀ kì í ṣe ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ìròyìn dé etí ìyá náà, Àfàlà, pé ọmọ òun wà ní Abẹ́òkúta, ó sì wá a wá. Nígbà tí wọ́n rí ara wọn ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1846, lẹ́yìn ọdún márùn-ún-lé-lógún, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé Àjàyí lọ sórí àga náà. Ìyẹn náà ni mo fi ń dá àwọn tó ní oríkì àti orúkọ ilé jẹ́ ìbọ̀rìṣà lóhùn. Kíka orúkọ òrìṣà nínú oríkì bàbá ẹni kò yàtọ̀ sí kíka orúkọ Báálì nínú Bíbélì. Ẹni tó bá pa Ifá tàbí Ògún rẹ́ kúrò nínú orúkọ ìdílé, tó sì fi Olú rọ́pò rẹ̀, ó lómìnira láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ èyí tó pa rẹ́ síbì kan fún àwọn ọmọ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ bàbá wọn wà.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn àgbà tó ń sọ pé kí a má tú ìdí ọ̀rọ̀, kí ilé má bàa dàrú. Kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń bò, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ta ló jẹ́ ọmọ ilé, ta ni ogun kó wá? Ní Ìbàdàn ìgbà ogun, agbo ilé àwọn balógun kún fún àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Àwọn kan nínú wọn jagun fún olówó wọn, wọ́n dáko fún un, wọ́n sì fẹ́ aya sínú ilé náà. Àwọn obìnrin wọn bímọ fún ilé. Lẹ́yìn ìran méjì, oríkì ilé náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ pé kí a jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà pé a kò gbọ́dọ̀ kígbe irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìpàdé ẹbí láti fi lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí ìpín tàbí oyè. Ìkà ni ẹni tó bá fi ìwádìí ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mímọ̀ yàtọ̀ sí kíké. Àwọn àgbà kan náà ló pa á lówe pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́; ọmọ kú, ariwo ta; bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Bí òwe yẹn bá jẹ́ òótọ́, ẹni tó bá wádìí ibi tí ìyá ńlá kan ti wá kí ogun tó kó o, ọmọ abiyamọ ló ń sọ lórúkọ padà. Ìtìjú wo ló wà níbẹ̀? Ibi tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ti wá sì máa ń fi àmì sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyá àgbà kan tó ń ki ọmọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan láti oríkì orílẹ̀ mìíràn, tí kò bá ti ilé náà mu, ẹ má ṣe kọjá rẹ̀. Ìlú kan tí ó sọnù ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Marcelina náà ṣe ẹrú rí, agbo ilé obìnrin Yorùbá bíi tirẹ̀ ló sì ti ṣe é. Kò dín ohun kan kù nínú ohun tó jẹ́ fún Salvador.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní Amẹ́ríkà àti London á sọ fún mi pé gbogbo èyí ti di àtijọ́, pé kí èèyàn tutọ́ sínú ìgò, kó fi ránṣẹ́, kí DNA sọ ibi tó ti wá. Ó wúlò, ní pàtàkì fún àwọn tí wọ́n já ìtàn gbà lọ́wọ́ wọn pátápátá, ó sì lè fi ìbátan tó wà láàyè han ènìyàn. Àmọ́ ohun tó ń fúnni ni ìdá orúkọ ilẹ̀, bíi Nàìjíríà, tí òyìnbó fi lélẹ̀ lẹ́yìn tí púpọ̀ nínú àwọn bàbá wọ̀nyẹn ti kú. Kò mọ Ìkòyí yàtọ̀ sí Ọ̀fà. Ìṣirò kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wá adé jókòó tì. Òbí méjì la ní, òbí àgbà mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún. Ní ìran kẹwàá, àyè 1,024 ló wà. Lára wọn ni ẹni tó kó ẹrú àti ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú, ará Òkè Ògùn, ará etí òkun, bóyá Tápà tàbí Ìbàrìbá tó ya ilé kan nígbà ogun. Ìdílé tó bá di ẹyọ ọba kan mú nínú 1,024 ti sọ 1,023 nù. Ìṣirò yìí kò bà mí lọ́kàn jẹ́. Ó ń mú inú mi dùn, torí ó túmọ̀ sí pé ilé ìyá náà ní oríkì, ilé ìyá ìyá náà ní oríkì, iṣẹ́ kò sì lè tán láé.

Níbo lẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀? Ìwé ìrìbọmi àtijọ́ wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí I. B. Akínyẹlé kọ ní 1911 kún fún orúkọ. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn lè dúró dè wá. Ẹnu kò lè dúró. Ọ̀pọ̀ olùwádìí sì ń ṣe àṣìṣe kan: ọ̀dọ̀ mọ́gàjí ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ, mọ́gàjí á sì ka orúkọ àwọn tó ti jẹ mọ́gàjí ṣáájú rẹ̀ fún wọn. Ìyẹn kò burú. Àmọ́ àwọn tó mọ oríkì ilé jù kì í sábà jẹ́ ọmọkùnrin ilé. Àwọn ìyàwó ilé ni. Obìnrin tó wá láti ibòmíràn, tí kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sí ilé yẹn ṣáájú kó tó dé, àní ọmọdé tó ń gbé lọ́wọ́, oríkì ló ń fi rìn nínú ilé. Ó fi ń kí wọn ní àárọ̀, ó fi ń rẹ ọmọ tó ń sunkún lẹ́kún, ó fi ń sìnkú. Ẹ jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣa ẹ̀wà, kí fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá. Ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ìlú tí òun fúnra rẹ̀ ti wá. Kí ẹ tó dìde, ẹ bi í pé, "Mà, ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ?" Ó ṣeé ṣe kó dárúkọ ìyá ọkọ rẹ̀, tí ìyẹn náà jẹ́ ìyàwó tó wá láti ìlú mìíràn, tó sì kọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ tirẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta báyìí, ẹ ti lè dé ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, láti ọwọ́ obìnrin sí ọwọ́ obìnrin, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n bí sínú ilé náà.